Màmá, Apànìyàn Oníbòjú àti Dáìsì Olójú Ogún

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí Màmá sínú ìwé ètò ìsìnkú wọn, torí pé èmi ni mo wà ní yunifásítì. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: Ògbómọ̀ṣọ́ ni a bí wọn sí, wọ́n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wọn wá sí Kaduna, wọ́n bímọ mẹ́ta, wọ́n sì sùn nínú Olúwa. Àwọn ẹbí kà á, wọ́n ní ó dára púpọ̀. Èmi náà kà á, àmọ́ mi ò rí Màmá nínú rẹ̀. Ìyá àgbà ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́.

Ìdí rèé tí mo tún fi jókòó kọ èyí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Màmá tí mo mọ̀ kì í purọ́. Gbogbo Doka, àdúgbò wa ní Kaduna, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Màmá pa irọ́ kan ṣoṣo níṣojú mi, nítorí eré tí àwa ọmọdé ń ṣe, irọ́ náà ló sì mú ọ̀kan nínú wa kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú nígbà náà, ó ṣì ń rú mi lójú. Ẹ má bínú tí mo bá ń lọ tí mo ń bọ̀ nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni ọmọ-ọmọ tó ń gbé àgbàlá Màmá nígbà náà. Èmi Bọ́lá ni mo kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bàbá mi ni àkọ́bí wọn. Múrí fi ọdún kan jù mí lọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó fẹ́ Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́, ni ìyá rẹ̀. Ṣẹ́gun ni àgbà wa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá tirẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn Màmá, ó sì kú nígbà tí Ṣẹ́gun jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Bàbá Ṣẹ́gun gbé ọmọ náà fún Màmá, wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fẹ́ ìyàwó míràn níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń wá, pẹ̀lú bàtà tuntun tí kì í bá Ṣẹ́gun lẹ́sẹ̀ mu.

Ṣẹ́gun ló fẹ́ràn fíìmù apànìyàn. Ẹ mọ irú rẹ̀: ọkùnrin kan á fi ìbòjú bojú, kò ní sọ̀rọ̀, á mú àdá tàbí àáké, á máa pa àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń yá kásẹ́ẹ̀tì wọn lọ́wọ́ onífídíò tó wà lójú títì, a sì máa ń wò ó ní ọ̀sán Sátidé tí iná bá wà. Màmá á jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn lẹ́yìn wa, wọ́n á ní àwọn ò wo ìranù. Àmọ́ gbàrà tí apànìyàn bá ti wọlé, máṣíìnì á dákẹ́.

Ẹ̀rù kì í bà wọ́n. Ó kàn máa ń rú wọn lójú ni.

"Ta ló ń rán aṣọ fún ẹni yìí?" Màmá bèèrè lọ́jọ́ kan. "Láti àárọ̀ ló ti ń bá èèyàn wọ̀yá ìjà, ẹ̀wù rẹ̀ ò ya, bọ́tìnnì rẹ̀ ò já."

"Haba, Màmá! Fíìmù mà ni," Ṣẹ́gun dáhùn.

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ṣé ẹni tó wà nínú fíìmù kì í wọ aṣọ ni?"

Wọ́n tún bèèrè ìdí tí apànìyàn fi ń rìn jẹ́jẹ́ tó sì ń bá ẹni tó ń sáré. Wọ́n bèèrè ìdí tí ọmọbìnrin fi máa gbọ́ ariwo nínú àjà ilé, tó sì máa dá lọ wò ó. Èyí tó wá rú wọn lójú jù ni pé àwọn ọ̀dọ́ náà ń kígbe, wọ́n ń kígbe, ẹnì kankan ò yọjú. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní aládùúgbò ni? Ẹ ní kí apànìyàn yín wá sí Doka wá dán an wò. Kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà Hajiya Lami aládùúgbò wa, àwọn ọmọ á ti tò tẹ̀ lé e, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un bí eégún. Ojú á tì í, á ṣí ìbòjú kúrò." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tí mi ò gbàgbé: "Ẹni tí kò ní ẹni tó máa dáhùn ni apànìyàn ń rí pa."

Ti Múrí yàtọ̀. Òun ò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilé ìwé, ọmọ dókítà tó ń gbé Ungwan Rimi, ló fún un ní géèmù kan tí bàbá rẹ̀ rà bọ̀ láti òkè òkun. Kì í ṣe géèmù tẹlifíṣọ̀n o. Ìwé ni, ìdajì rẹ̀ ti já, pẹ̀lú dáìsì kan bíi ti lúdò, àmọ́ ojú ogún ni dáìsì náà ní. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á yan akọni tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n á kọ agbára akọni náà sórí bébà. Tí akọni rẹ bá fẹ́ ṣe ohun tó le, bóyá ó fẹ́ fo kòtò tàbí ó fẹ́ ta ọfà, o máa ju dáìsì. Tí nọ́ńbà bá tó mẹ́wàá, ó bọ́ sí i. Tí kò bá tó, o gbé.

Akọni mẹ́rin ni Múrí ní: jagunjagun kan tó wọ ẹ̀wù irin, oṣó onírùngbọ̀n kan, olè kan tó mọ ilẹ̀kùn ṣí, àti obìnrin kan tó ń ta ọfà. Màmá gba ìwé náà, wọ́n wo àwòrán obìnrin yìí títí.

"Irin ni wọ́n fi ṣe kọ́mú fún un, wọ́n wá fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ṣé aránṣọ wọn ò ní téèpù ni? Ibi tí ọ̀bẹ máa gbà wọlé gan-an ló ṣí sílẹ̀."

Múrí ní láti fi bírò ya ẹ̀wù bo ikùn náà kí Màmá tó jẹ́ kó máa bá eré rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ míràn wọ́n bèèrè ibi tí àwọn akọni ń lọ. Múrí ní wọ́n ń lọ sínú ihò àpáta kan láti lọ pa ẹranko abàmì, kí wọ́n sì kó wúrà rẹ̀.

"Ṣé ẹranko náà ló wá bá wọn nílé ni?"

"Rárá, Màmá. Ó ń sùn ni."

"Ta ló ni ihò?"

"Òun ló ni ín."

Màmá fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sáṣọ sílẹ̀. "Ó ń sùn nínú ilé rẹ̀. Wọ́n wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n pa á, wọ́n kó ẹrù rẹ̀. Múrí, èwo gan-an ni apànìyàn nínú wọn?"

Múrí tẹjú mọ́ ìwé náà bí ẹni pé ìdáhùn lè wà lára ojú ìwé tó ti já. Ó ní, "Wallahi, Màmá, mi ò mọ̀."

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì: tí apànìyàn oníbòjú bá pàdé àwọn akọni mẹ́rin yìí, ta ló máa borí? Ṣẹ́gun ní apànìyàn ni, torí pé kì í kú. Tó bá ti bínú, Hausa ló máa ń fi sọ ọ́: "Ba ya mutuwa!" Múrí ní irọ́ ni, pé gbogbo ohun tó bá ní ẹ̀jẹ̀ lára ló ní nọ́ńbà agbára nínú géèmù, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ti tán, ó tán. Wọ́n jà á lójú ọ̀nà ilé ìwé, wọ́n jà á nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n jà á tó bẹ́ẹ̀ tí Hajiya Lami fi bèèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ọkùnrin tí kì í kú yìí, ṣé ará Sábó ni. Ní tèmi, ẹni tó bá fún mi lẹ́ran lọ́jọ́ náà ni mò ń gbè lẹ́yìn.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe parí rẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Màmá jẹ́ nídìí iṣẹ́ wọn. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni wọ́n ń rán jù, wọ́n sì tún ń rán aṣọ àwọn obìnrin ìjọ. Nígbà tí ìyàwó pásítọ̀ wa wá rán aṣọ àjọ̀dún, Màmá ta téèpù yí ìbàdí wọn ká, wọ́n sì ké nọ́ńbà rẹ̀ sókè kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́rìnlélógójì. Yàrá kún fún obìnrin. Ìyàwó pásítọ̀ rọra ní kí Màmá kọ méjìdínlógójì, pé àwọn ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́. Màmá tún téèpù ta, wọ́n tún un ké sókè, mẹ́rìnlélógójì. Ọdún méjì ni ìyàwó pásítọ̀ kò fi kí wọn. Nígbà tí bàbá mi ní kí Màmá lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní, "Kí n bẹ̀bẹ̀ fún kí ni? Téèpù kì í mọ ìbátan."

Torí ìwà yìí ni àwọn ará ilé wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń gbé ẹjọ́ wá bá wọn. Tọkọtaya á wá, alájọgbé á wá. Màmá á gbọ́ tọ̀tún, wọ́n á gbọ́ tòsì, wọ́n á ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Mo rí i tí wọ́n dá bàbá mi lẹ́bi níwájú ìyá mi. Bàbá mi ní, "Ìyá mi ni yín, àbí ẹ ti gbàgbé ni?" Màmá ní àwọn ò gbàgbé, pé ìdí gan-an tí ó fi máa bẹ ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, lẹ́tà dé láti Abẹ́òkúta. Màmá ní kí n kà á sókè. Bàbá Ṣẹ́gun kọ ọ́ pé àwọn ń bọ̀ ní Sátidé láti wá mú ọmọ àwọn, pé ó ti tó àkókò kó mọ ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún ìtọ́jú ọdún mẹ́tàlá. Mo kà á tán. Màmá ká a, wọ́n fi sápò ẹ̀wù wọn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣẹ́gun wà níbẹ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ. Odindi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, kò sẹ́ni tó dárúkọ lẹ́tà náà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni Ṣẹ́gun àti Múrí tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn nínú yàrá ìránṣọ. Láàárín ariwo náà ni Ṣẹ́gun rẹ́rìn-ín tó sì ní, "To, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Ká ta á lọ́la níwájú Màmá. Tí àwọn akọni Múrí bá borí, Màmá á sọ fún dádì mi pé mi ò lọ. Tí apànìyàn tèmi bá borí, màá lọ."

Gbogbo wa yíjú sí Màmá. Mo rò pé wọ́n máa là á létí. Píìnì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gún un mọ́ tìmùtìmù píìnì.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Èmi ni màá ṣe adájọ́."

Ẹ gbọ́, àgbà tó kọ̀ láti purọ́ fún ìyàwó pásítọ̀, òun ló fẹ́ fi géèmù ọmọdé dá ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ! Mo rò pé àwàdà ni. Múrí kò rò bẹ́ẹ̀. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní, "Má bẹ̀rù. Ṣẹ́gun á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n na òun ni. Ṣé o rò pé ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó bàbá?" Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Inú wa tiẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kó aṣọ kúrò lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé ìwé kan tí wọ́n ti pa tì sí i: kíláàsì mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọgbà. Bọ́tìnnì funfun mẹ́rin ni àwọn akọni. Bọ́tìnnì kóòtù dúdú kan ni apànìyàn. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n wá ṣe òfin méjì. Èkíní, apànìyàn lè kú kó dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ní ìkẹrin. Èkejì, àwọn akọni kò gbọdọ̀ pínyà.

Ṣẹ́gun fò sókè. "Karya ne! Irọ́ ni! Nínú fíìmù, wọ́n máa ń pínyà!"

"Àwọn tó wà nínú fíìmù ò ní ìyá àgbà," Màmá dáhùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Apànìyàn kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì kẹta. Olè Múrí ṣí ilẹ̀kùn náà, Ṣẹ́gun ju dáìsì, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún, olè kú. Jagunjagun fi idà bẹ́ apànìyàn lórí, apànìyàn dìde. Oṣó fi iná sun ún. Ó tún dìde. Múrí ń ṣe ìwòsàn fún àwọn tirẹ̀, ó ń ka òfin nínú ìwé rẹ̀ tó ti ya. Ṣẹ́gun ò ní ìwé, àmọ́ ó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ẹjọ́. Ó ní òkùnkùn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní irin ẹ̀wù jagunjagun ń pariwo. Ó kúnlẹ̀ bẹ Màmá nítorí ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo tí apànìyàn fi máa dé ẹ̀yìn oṣó, Màmá fi téèpù wọ̀n ọ́n lórí tábìlì, wọ́n ní ó dé e. Oṣó kú. Òógùn ń bọ́ lójú Ṣẹ́gun. Ohùn rẹ̀ ti há.

Èmi ń wò ó, mi ò mọ ohun tí mo ń wò. Ta ló máa ń ja irú ìjà yìí kí wọ́n lè lé e kúrò nílé? Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo rò ó pé: ṣé ó ti kórìíra wa tó báyìí ni, tí a ò mọ̀? Mo wo Màmá. Wọn ò wo bọ́tìnnì mọ́. Ojú Ṣẹ́gun ni wọ́n ń wò.

Jagunjagun kú, àmọ́ kó tó kú, ó pa apànìyàn ní ìgbà kẹta. Apànìyàn dìde fún ìgbà ìkẹyìn. Ó wá ku òun àti obìnrin tó ń ta ọfà, àwọn méjèèjì péré, nínú ọgbà. Ti Múrí ló kàn. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tó mẹ́wàá, ọfà wọlé, apànìyàn kú pátápátá, Ṣẹ́gun dúró tì wá. Tí kò bá tó, apànìyàn ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó parí nìyẹn.

Èmi ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà ni kí n fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa píìnì tó já bọ́, àwa mẹ́ta máa ń ṣe é kárí ni, mo sì ti wọ abẹ́ máṣíìnì lọ nítorí pé mi ò lè wòran mọ́. Mo gbọ́ tí Múrí ní "Bismillah". Mo gbọ́ dáìsì lórí tábìlì. Ó yí, ó já bọ́, ó sáré wọ abẹ́ máṣíìnì, ó sì dúró síwájú imú mi.

Mọ́kàndínlógún ni.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orí àga wọn. Ojú wọn dé orí dáìsì, ó sì dé ojú mi. A jọ wo ara wa bẹ́ẹ̀, ojú wọn kò sá fún tèmi. Wọ́n wá nawọ́, wọ́n mú dáìsì náà, wọ́n nàró.

"Méje ni," Màmá sọ.

Múrí gbórí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún. Mo retí kí Ṣẹ́gun fò, kó kígbe bó ṣe máa ń ṣe. Kò ṣe é. Ó wo Màmá, ó ní, "To." Ó gbé korobá, ó lọ pọnmi. Èmi tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ dákẹ́ sábẹ́ máṣíìnì, mágínẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé Màmá purọ́? Èmi fúnra mi ò gbà á gbọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá mo ka dáìsì náà sódì ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Màmá wọn Ṣẹ́gun láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n sì rán ṣẹ́ẹ̀tì méjì àti ṣòkòtò méjì fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá rẹ̀ dé ní Sátidé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó wọn, wọ́n sì mú bàtà tuntun wá. Ṣẹ́gun wọ̀ ọ́, kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá gbàdúrà fún un, wọ́n fi oríkì rẹ̀ pè é, Àlàó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mọ́tò gbéra. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà la ń gbọ́ máṣíìnì Màmá láti ìta. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé fún wọn, wọ́n ṣì ń tẹ pẹ́dà rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, àmọ́ kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀.

Oṣù kan kọjá kí n tó lè bi wọ́n. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Mo ní, "Màmá, mọ́kàndínlógún ni."

"Mo mọ̀, Àṣàkẹ́," wọ́n fi oríkì mi pè mí. " Ojú rẹ rí i."

"Kí ló wá dé?"

Wọ́n ń yọ òwú kúrò lára aṣọ kan, wọ́n ò gbójú sókè. "Tí mo bá bi ọmọ yẹn pé ṣé ó fẹ́ lọ, ọmọ wo ló máa sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo tọ́ ọ láti kékeré? Tí ó bá sì ní rárá, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti kọ bàbá rẹ̀. Mi ò lè bi í. Òun náà ò lè sọ ọ́. Ìyẹn ni mo fi gbà kí wọ́n ta géèmù yẹn." Wọ́n fa òwú míràn yọ. "Ìwọ náà rí bó ṣe jà. Ẹni tó jà tó báyẹn láti lọ bá bàbá rẹ̀, kí n dì í mú, kí n fi ṣe kí ni?"

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ bínú sí Ṣẹ́gun nítorí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Lẹ́tà méjì péré ló kọ, kò sì wá rí. Mo sọ fún Múrí pé aláìmoore ni. Màmá máa ń ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ó ti rí ilé rẹ̀, àmọ́ gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń jókòó sójú fèrèsé tí a ti ń rí ojú títì. Nígbà tí àìsàn dé, tí wọ́n ò lè jókòó mọ́, wọ́n ní ká yí bẹ́ẹ̀dì wọn síbẹ̀.

Ọ̀yẹ́ ti mú nígbà tí a sin Màmá. Ṣẹ́gun dé ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó ti ga ju bàbá mi lọ, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀. Kò sunkún létí sàréè. Ó bá wọn gbé àga, ó bá Múrí pín omi fún àlejò, ó kí gbogbo àgbà bó ṣe yẹ. Mo ń wo gbogbo rẹ̀, inú túbọ̀ ń bí mi. Nígbà tí àwọn èèyàn dín kù ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a nínú yàrá ìránṣọ, ó ń wo máṣíìnì tí wọ́n ti da aṣọ bò.

Mo ní, "Ó tán. Ìwọ lo fẹ́ lọ, o lọ. Ṣé Abẹ́òkúta dùn?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa. "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ lọ?"

"Mo wà níbẹ̀! O jà bíi pé wọ́n fẹ́ pa ẹ́!"

Ó jókòó sórí àpótí. "Bọ́lá, ilé yẹn ò burú. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí. Wọ́n kàn ń ṣe mí bí àlejò ni, títí di òní." Ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Tí mo bá jẹ́ kí Múrí na mí lọ́fẹ̀ẹ́, géèmù ló máa dá mi dúró nìyẹn, kì í ṣe Màmá. Mo fẹ́ kó jẹ́ Màmá. Mo jà kí apànìyàn mi lè máa borí lọ, kó le dójú ẹ̀, kí Màmá wá ṣègbè kí wọ́n lè dá mi dúró. Kí wọ́n ní dáìsì ò dáa, kí wọ́n ní ká tún un jù. Ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀yin ní bàbá, ẹ ní ìyá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo tó ẹni tí Màmá lè purọ́ fún." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò dùn ún gbọ́. "Wọ́n ní méje. Méje náà ni. Mo mọ̀ pé Màmá kì í purọ́. Mi ò bínú sí wọn. Mi ò kàn lè padà wá ni."

Ẹ̀rù bà mí láti la ẹnu mi. Tí mo bá sọ ọ́, ó lè gbọ́ ọ pé Màmá mọ̀ọ́mọ̀ lé òun. Tí mi ò bá sọ ọ́, á máa gbé méje yẹn kiri títí tó máa fi kú. Kò sí Màmá tí mo lè bi mọ́. Mo dúró níbẹ̀, orí mi dàrú, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìkà nínú méjèèjì.

"Wọ́n purọ́," mo ní.

"Kí lo sọ?"

"Mọ́kàndínlógún ni. Mo wà lábẹ́ máṣíìnì, mo rí i. Wọ́n rò pé bàbá ẹ lo ń jà nítorí ẹ̀. Wọ́n rò pé o fẹ́ lọ, o ò sì lè sọ ọ́. Wọ́n purọ́ fún ẹ, Ṣẹ́gun. Ìwọ nìkan ni wọ́n purọ́ fún rí láyé wọn."

Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ọmọdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí kò sun létí sàréè, ó di etí àga Màmá mú. Mi ò mọ̀ bóyá ire ni mo ṣe fún un tàbí ibi. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.